Fóònù tuntun ti dé: gbèsè tó wà nínú ti àtijọ́ ńkọ́?

 

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò àgbàdo àti àrùn kòkó ni mo sábà máa ń bá yín sọ níbí. Ọ̀rọ̀ fóònù ni tòní. Ẹ má sọ pé alágíríìkì ti fi oko sílẹ̀ o. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù láìpẹ́ yìí, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, ni mo fẹ́ dáhùn: "Ọ̀gá Àgíríìkì, ọmọ mi fi iPhone ránṣẹ́ sí mi láti London. Ṣé kí n bọ́ sórí ẹ̀, àbí kí n dúró sórí Android tí mo ń lò?" Tàwọn mìíràn yàtọ̀: iPhone ló wà lọ́wọ́ wọn, owó àtitún un ṣe ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ padà sórí Tecno. Àwọn àgbà kan sì wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúrò lórí fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bọ́ sórí èyí tí a ń fọwọ́ pa lójú.

Ìdáhùn mi kò gùn. Èyí tó bá wù yín tí agbára yín sì ká, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ti àtijọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó, níbo ló wà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan wà tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ọjà Àtákúnmọ̀sà ní Iléṣà. N kò ní dárúkọ wọn. Lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á wá kó o fún àwọn oníbàárà wọn ní Ìbàdàn àti Èkó. Gbogbo àdéhùn wọn, orí WhatsApp ni. Oníbàárà á fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Ìyá, ẹ kó 60 ìdì wá, mo ti san ìdajì, tó bá di Friday màá san ìyókù." Ìyá kò kàwé púpọ̀, wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tí ẹnìkan jẹ, wọ́n á padà lọ gbọ́ ohùn yẹn. Fóònù ni ìwé gbèsè wọn.

Ọmọ wọn fi iPhone ránṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún fóònù ṣe yọ síìmù kúrò nínú Android, ó fi í sínú iPhone, ó ṣí WhatsApp, ó ní ó ti parí. Lóòótọ́, WhatsApp ṣí. Àwọn group tí ìyá wà nínú wọn fara hàn. Ṣùgbọ́n inú wọn ṣófo. Kò sí ohùn kan, kò sí àwòrán kan, kò sí ọ̀rọ̀ àná, kò sí ti èṣín. Kí ìyá tó mọ̀, wọ́n ti nu inú Android yẹn mọ́, wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn. Owó tí ìyá rántí pé ó wà níta lé ní 400,000 náírà. Èyí tí wọ́n rántí nìyẹn o. Àwọn oníbàárà kan bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n san. Àwọn kan ní àwọn ti san tipẹ́. Kí ni ìyá fẹ́ fi já wọn nírọ́?

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí á ní iPhone ni kò dára. Rárá o. Bó bá jẹ́ láti iPhone bọ́ sórí Android ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Google ló ni Android, ilé-iṣẹ́ Apple ló ni iPhone. Olúkúlùkù ní bó ṣe kọ́ inú ilé rẹ̀. WhatsApp tó wà lórí Android, inú Google Drive ló ń kó ẹrù ìpamọ́ rẹ̀ sí. Ti iPhone, inú iCloud ni. Google Drive kò ṣí fún WhatsApp orí iPhone, iCloud kò sì ṣí fún ti Android. Ó dà bí ẹni tó kó kòkó pamọ́ sí ilé ìkẹ́rù kan ní Òṣogbo, tó wá mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù Iléṣà dání lọ síbẹ̀. Kòkó ò sọnù, àmọ́ ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Bí ẹnìkan bá wá dáná sun ilé ìkẹ́rù Òṣogbo, ọ̀rọ̀ parí. Nínu inú fóònù àtijọ́ mọ́ láìtíì kó ẹrù rẹ̀, iná tí à ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin kòkó, ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí a bá fẹ́ lọ́ ọmọ kòkó láti nọ́sìrì, a kì í fà á tu bí ẹni ń fa koríko. A ó bomi rin ín, a ó gbé e tòun ti yẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá rẹ̀, a ó gbẹ́ kòtò sílẹ̀ dè é, ìgbà òjò la ó sì ṣe é. Ẹni tó bá fa ti ẹ̀ tu ní tààrà, ewé á ṣì tutù fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ló máa rọ. Síìmù tí wọ́n yọ bọ inú fóònù mìíràn, ewé lásán nìyẹn. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà, ohùn àdéhùn, àwòrán oko, àkọsílẹ̀ gbèsè, àwọn ni yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Ọ̀gá, mi ò ní kúrò lórí Android láéláé, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn mí." Kí onítọ̀hún rántí BlackBerry.

Láàárín ọdún 2010 sí 2013, BlackBerry ni fóònù àwọn èèyàn ńlá ní Nàìjíríà. Nígbà tí mo wà ní poly, bí a bá pàdé ọ̀rẹ́ tuntun, a kì í kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà, PIN là ń béèrè. Oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ọjà rẹ̀ tà á kọ PIN rẹ̀ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Canada ló ń ṣe é. BBM tó wà nínú ẹ̀, BlackBerry nìkan ló ń bá BlackBerry sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, àfi ìgbà tó di October 2013 kí wọ́n tó gbà á láàyè lórí Android àti iPhone. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti bọ́ sórí WhatsApp. Nígbà tó di 31 December 2017, WhatsApp fúnra ẹ̀ kúrò lórí fóònù BlackBerry. 31 December 2018, ó kúrò lórí àwọn Nokia S40, àwọn Nokia kékeré onítẹ̀ tí owó wọn ò wọ́n. 31 December 2019, ó kan Nokia Lumia àti gbogbo fóònù Windows. BBM gan-an tilẹ̀kùn ní 31 May 2019. Nígbà tó wá di 4 January 2022, ilé-iṣẹ́ BlackBerry dáwọ́ ìtọ́jú àwọn fóònù wọn àtijọ́ dúró pátápátá, débi pé kò dáni lójú mọ́ pé wọ́n á lè pe ìpè.

Ẹni tó kọ PIN sára pátákó, tí kò ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ níbòmíràn, ọjọ́ tí BlackBerry rẹ̀ kú ni ọjà rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀.

iPhone náà ò yọ sílẹ̀. Láti May 2025, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iPhone tí kò bá lè gba iOS 15.1. Ìyẹn ni pé iPhone 5s, iPhone 6 àti 6 Plus ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí ẹnìkan bá ń ta iPhone 6 fún yín ní owó pọ́ọ́kú, tó ní ó mọ́ tónítóní, ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní rí WhatsApp lò lórí ẹ̀. Android tí ti ẹ̀ kò bá sì tó 5.0, òun náà ti jáde. Nítorí náà gbogbo wa la máa pààrọ̀ fóònù lọ́jọ́ kan, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni bí a ṣe máa kó ẹrù.

Èwo ló wá dára jù fún iṣẹ́ tiwa?

Lójú tèmi, Android rọrùn fún oko jù. Tecno, itel àti Infinix tó pọ̀ nígboro yìí, ilé-iṣẹ́ China kan tó ń jẹ́ Transsion ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n mọ̀ pé síìmù méjì là ń lò níbí, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mú dáadáa ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo lè máà sí rárá ní abà kan lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà. Wọ́n mọ̀ pé iná ò dúró, bátìrì wọn tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gba memory card. Bí ojú wọn bá fọ́, ẹ ó rí ẹni tó máa ṣe é ní Òṣogbo tàbí Iléṣà lọ́jọ́ yẹn gan-an, owó rẹ̀ kò sì ní tó ti iPhone. Lẹ́yìn èyí, àwọn ohun èlò iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, orí Android ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Ẹ wo Nuru, tí PlantVillage ti Penn State University ní Amẹ́ríkà àti IITA tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ ó gbé kámẹ́rà sí ewé ẹ̀gẹ́, á sọ fún yín bóyá àrùn ló wà lára rẹ̀, kò sì nílò dátà lójú oko.

iPhone náà ní ibi tó dára sí. Kámẹ́rà rẹ̀ mọ́, ẹni tó ń fi àwòrán ta ọjà á jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó di ohun tí wọ́n ń pa tì: iPhone 6s tó jáde ní 2015 ṣì gba iOS 15 ní 2021. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, owó rẹ̀ kì í já wálẹ̀ kíákíá bíi ti Android. Ṣùgbọ́n kò gba memory card. Ẹ wo ti síìmù náà dáadáa. Láti iPhone XS àti XR ti 2018, ọ̀pọ̀ iPhone, síìmù kan ṣoṣo tí a lè fọwọ́ mú ló ń gbà, èkejì eSIM ni, tí kò ní ike. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti iPhone 14 ti 2022 kò tilẹ̀ ní ihò síìmù kankan. Bí ọmọ yín bá wà ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi iPhone tuntun ránṣẹ́, ẹ sọ fún un kó tó rà á, kẹ́ ẹ sì lọ béèrè eSIM lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́ńbà yín kí fóònù tó dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù. Ẹ wá ọmọ kan nínú ilé tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó jókòó tì yín. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún onífóònù kó lọ dá ṣe é.

Èkíní, nọ́ńbà àwọn èèyàn. Ibi mẹ́ta ni nọ́ńbà lè wà: inú síìmù, inú fóònù, tàbí inú àkáǹtì Google. Ti síìmù kò ju bíi 250 lọ, orúkọ tó bá gùn á sì gé. Ti inú fóònù, bí fóònù bá bọ́ sínú kànga, ó ti lọ. Ti Google ló dára jù, torí ó ń bá Android ṣe, ó sì ń bá iPhone ṣe. Lórí Android, ẹ kó gbogbo nọ́ńbà sínú àkáǹtì Google. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi àkáǹtì àwọn kọ́ńtáàtì, ẹ fi àkáǹtì Google yẹn kún un, ẹ tan Contacts rẹ̀. Nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti orí olótọ́ọ̀ṣì bọ̀, ẹ kó nọ́ńbà sínú síìmù ná, kẹ́ ẹ tó kó o láti síìmù lọ sínú Google.

Wàhálà kan wà níbí o. Ọ̀pọ̀ yín, ọmọ tó ta fóònù fún yín ló bá yín ṣí Gmail, òun nìkan ló sì mọ password rẹ̀. Ẹ tètè wá a lọ kó tó kó kúrò nílùú. Ẹ pààrọ̀ password náà, ẹ kọ tuntun sínú ìwé, ẹ fi pamọ́ sílé.

Èkejì, ọ̀rọ̀ owó tó wà lórí WhatsApp. Gbogbo oníbàárà tí ọ̀rọ̀ owó bá wà láàárín yín, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú rẹ̀, ẹ tẹ àmì tó wà lókè, ẹ wá Export chat. Á fún yín ní ìwé kan tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí email yín. Ìwé yẹn, Android á ṣí i, iPhone á ṣí i, kọ̀ǹpútà á ṣí i, ẹ tiẹ̀ lè gbé e lọ bá ẹni tó ń tẹ̀wé kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ bá mú èyí tó ní media, ohùn àti àwòrán á bá a lọ. Èyí ni ìyá yẹn ì bá ṣe ká ní ẹnìkan ti sọ fún wọn.

Ẹ̀kẹta, kíkó gbogbo WhatsApp lọ pátá. Ó ṣeé ṣe nísinsìnyí, àmọ́ ó ní ìgbà tirẹ̀. Láti Android sí iPhone, ẹ ó fi ohun èlò kan tó ń jẹ́ Move to iOS sórí Android. iPhone náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu inú rẹ̀ mọ́, tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Fóònù méjèèjì á wà lórí iná, wọ́n á wà lórí Wi-Fi kan náà, nọ́ńbà kan náà ni ẹ ó sì lò. Láti iPhone sí Android, ẹ nílò okùn tó so fóònù méjèèjì pọ̀, Android náà gbọ́dọ̀ tó Android 12, ìgbà tí ẹ bá sì ń tan fóònù tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ ló rọrùn jù. Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń sọ? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Bí onífóònù bá ti bá yín tan iPhone, tó ti bá yín fi fótò sí i kẹ́ ẹ tó rántí WhatsApp, àfi kẹ́ ẹ tún nu inú rẹ̀ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn tó pè yín lórí WhatsApp kì í bá wọn lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀, ohùn àti àwòrán á lọ.

Ẹ̀kẹrin, àkọsílẹ̀ oko. Èyí kan àwọn olóko kòkó wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gan-an. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó tó bá fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí oko tí wọ́n ti ká a, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọn ò gé igbó tuntun láti fi gbìn ín. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó ti ń wọn oko kiri. Fóònù ni wọ́n fi ń mú ibi tí oko wà. Oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, ojúkò kan ṣoṣo tó fún un. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rìn ín yí ká. Nọ́ńbà méjì ni ojúkò kan: ní agbègbè Iléṣà, èkíní máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi 7.6, èkejì bíi 4.7, àwọn nọ́ńbà mìíràn á wá tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti wọn oko yín, ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú fóònù nìkan, tàbí ọwọ́ ẹni tó wá wọ̀n ọ́n nìkan, ló wà.

Ẹ̀karùn-ún, nọ́ńbà yín àti báńkì. Fóònù lẹ̀ ń pààrọ̀, ẹ má pààrọ̀ nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ló wà lára BVN, òun ló wà lára NIN, òun ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ rántí 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, orí fóònù ni ìjọba àpapọ̀ ń fi kóòdù ajílẹ̀ ránṣẹ́ sí, kí àgbẹ̀ lè rà á ní ìdajì owó. Kódà olótọ́ọ̀ṣì lásán ń gbà á. Àmọ́ ẹni tó bá ti ju nọ́ńbà tó fi forúkọ sílẹ̀ nù, ọ̀dọ̀ ta ni kóòdù ọ̀hún máa lọ? Bí ẹ bá ń fi ohun èlò báńkì sórí fóònù tuntun, fúnra yín ni kẹ́ ẹ tẹ PIN yín. Kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ẹ má kà á sétí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ń tan fóònù fún yín.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má tíì ta ti àtijọ́. Ẹ fi sílé títí ọjà mẹ́ta ó fi ná. Lójoojúmọ́, ẹ máa wo ohun tí ẹ nílò tí kò sí nínú tuntun. Fótò ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Ohùn bàbá tó ti kú ńkọ́? Bí kò bá sí ohun tó kù mọ́, ẹ wá lè tà á. Bó bá jẹ́ Android, ẹ yọ àkáǹtì Google kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó nu inú rẹ̀ mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó rà á á máa pè yín wá fi password ṣí i. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Apple, ẹ pa Find My.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àlòkù láti London náà, ẹ yí ọ̀rọ̀ yìí padà: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á nu inú rẹ̀ mọ́ lójú yín, kó sì tún un tàn. Bó bá béèrè àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ dá a padà, torí bíríkì lásán lẹ fẹ́ rà yẹn. Ẹ tẹ *#06# kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà IMEI rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí.

Ẹnìkan bi mí pé, "Ọ̀gá, bí mo bá ti ṣe gbogbo èyí, ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn?" Mo ní ó ku ẹyọ kan: ìwé àti bírò.

Ẹ wo àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Aṣọ ni wọ́n ń gbé káàkiri ìlú, wọ́n á tà á láwìn, tó bá tó àkókò wọ́n á padà wá gba owó. Orúkọ wọn wá láti inú ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, pé òṣó làwọn máa ló síbẹ̀ títí àwọn ó fi gbowó. Fóònù kankan ò sí nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n mọ̀: orúkọ ẹni tó jẹ wọ́n, ilé rẹ̀, iye tó jẹ, ọjọ́ tó ní òun máa san. Ẹni tó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló lè lóṣòó. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wa fẹ́ lóṣòó, kò rí ojú ọ̀nà tí wọ́n máa ló o sí, torí inú fóònù kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sórí WhatsApp, ó dára, á yá yín lára láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ la ìlà mẹ́rin sí i: orúkọ, nọ́ńbà, iye, ọjọ́. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó pe ọmọ ilé, kó máa gbọ́ ohùn oníbàárà kọ̀ọ̀kan fún un, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú 20. Tó bá di ìparí oṣù, ẹ ya fótò ojú ìwé yẹn sínú fóònù, kó lè jẹ́ pé bí ìwé bá jóná fótò wà, bí fóònù bá kú ìwé wà.

Ìyá yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ọmọ ọmọ wọn tó wà ní JSS 2 ló ń bá wọn kọ ọ́, orí iPhone yẹn náà ni wọ́n sì ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní fótò ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn dùn ún wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀ nínú owó àtijọ́ ti wọlé, èyí tó kù, wọ́n ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Bí ẹ bá mọ ẹni tí fóònù tuntun ń bọ̀ fún láti òkè òkun, pàápàá àwọn ìyá wa tó wà lọ́jà, ẹ bá mi ka èyí sí wọn létí kí wọ́n tó yọ síìmù. Bí ó bá sì ti ń ṣe yín bákan láti dá a ṣe, ẹ gbé fóònù méjèèjì dání lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, a ó jọ wò ó.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní gbé o. Ẹ kú ọjà.